Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ ní Kíláàsì Mímí àti Àṣàrò fún Àwọn Tí Oògùn Ti Di Bárakú Fún, ní Òṣogbo

Ní òwúrọ̀ Sátidé mẹ́jọ tí ó tẹ̀lé ara wọn, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìgbọ̀nà lọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan ní Òkè-Fíà, níbi tí mátíróònù kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ń kọ́ àwọn tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún bí wọn yóò ṣe máa mí àti bí wọn yóò ṣe máa ṣe àṣàrò, kí wọ́n lè dúró lórí ìpinnu wọn. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni wọ́n ń gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà, wọ́n sì gbà kí ẹbí kan bá akẹ́kọ̀ọ́ jókòó láìsan kọ́bọ̀ lé e. Àyè yẹn ni mo lò. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, n kì í ṣe oníṣègùn, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa ara ènìyàn níhìn-ín, ẹnu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì wádìí rẹ̀ kí n tó kọ ọ́; ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ nípa kíláàsì náà àti nípa àbúrò mi, ojú mi ni mo fi rí i.

Kí n ti sọ èrò mi kí àlàyé tó gùn: kíláàsì náà dára, ó tó owó tí wọ́n ń gbà, n ó sì rọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn pé kí ó lọ síbẹ̀. Kò wo bárakú sàn o. Mátíróònù náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún àbúrò mi ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún tí ara bá ń bèèrè oògùn kíkankíkan, tí gbogbo ìmọ̀ràn tí a ti ń gbà á láti ọjọ́ yìí wá kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ mọ́. Inú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni oògùn ti máa ń borí rẹ̀. Dókítà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà náà, èmi pẹ̀lú kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Awakọ̀ típà ni àbúrò mi, yanrìn àti òkúta ni ó ń kó. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí ẹnì kan ní gáréèjì ti fún un ní horo tramadol kan, pé kò ní jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́, òótọ́ sì ni, kò rẹ̀ ẹ́. Oògùn ìrora ni tramadol, ó sì bá àwọn oògùn bíi morphine tan. Dókítà kì í sábà fún ènìyàn ju 50 tàbí 100 mílígíráàmù lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ máa ń tó 225, tí ọ̀dọ́mọkùnrin yóò sì gbé méjì tàbí mẹ́ta mì pọ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè fa gìrì. Ó ti gbé ẹlẹgbẹ́ àbúrò mi kan ṣánlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wọn ní ibi tí wọ́n ti ń kó yanrìn. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, àbúrò mi kì í lò ó nítorí iṣẹ́ mọ́. Ó ń lò ó kí ara má baà máa ro ó, kí inú má baà máa lọ́ ọ, kí ó lè rí oorun sùn.

Ìtìjú ni ó kọ́kọ́ bò wá mọ́lẹ̀ nílé. Ohun tí ó mú un fúyẹ́ díẹ̀ fún èmi ni ìgbà tí mo ka ìwádìí tí ẹ̀ka àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, UNODC, gbé jáde lórí Nàìjíríà fún ọdún 2018. Wọ́n ní mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, àti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ni ó lo irú tramadol yìí àti codeine, oògùn ìrora mìíràn tí ó bá a tan, láìjẹ́ pé dókítà ni ó kọ ọ́ fún wọn. Mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ lóru.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ mátíróònù yìí, a ti kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí n kò ní dárúkọ òun tàbí àdúgbò rẹ̀. Òun náà sọ pé mímí ni òun fi ń tú ènìyàn sílẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn máa mí kíákíá, kíákíá, bí ẹni tí ajá ń lé, fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìka ọwọ́ àbúrò mi fi ká jọ, tí ó kọ̀ tí kò ṣeé là mọ́, ètè rẹ̀ ń ta á ṣínṣín, ó sì ń wò mí bí ẹni tí ó ń kú lọ. Ọkùnrin náà pariwo pé ibi tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń jáde. Irọ́ ni. Bí ènìyàn bá ń mí kíákíá ju bí ara ṣe nílò lọ, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ó yẹ kí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò dín kù jù, òòyì yóò máa kọ́ni, iṣan ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ yóò sì máa ká kò. Lẹ́yìn náà ni ó tún sọ pé kí a lọ da oògùn tí ilé ìwòsàn fún un nù. Ibẹ̀ ni mo ti fa àbúrò mi lọ́wọ́ dìde.

Ẹ ó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí a dé Òkè-Fíà ní Sátidé àkọ́kọ́. Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe mátíróònù náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó dijú. Ẹ̀yìn kọ́tìnì kan ni ó ti ń pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń bèèrè ọ̀rọ̀: kí ni ò ń lò, èló ni ò ń lò lójúmọ́, ìgbà wo ni o lò ó kẹ́yìn, ǹjẹ́ gìrì ti mú ọ rí, ǹjẹ́ o ń mutí pẹ̀lú rẹ̀, dókítà wo ni ó ń tọ́jú rẹ. Bàbá kan wà láàrin wa tí ó ti ń mu ògógóró lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ti dá a dúró láti Ọjọ́bọ̀ kí ó lè wá sí kíláàsì pẹ̀lú ẹnu tí kò rùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ṣí omi inú ọ̀rá tí wọ́n fún un, òógùn sì bò ó láàárọ̀ kùtù. Màmá kò jẹ́ kí ó jókòó rárá. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó wá ọkọ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé bàbá náà lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó wá yíjú sí wa, ó ṣàlàyé ohun tí ó ṣe fún wa. Ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lójoojúmọ́ láti ìgbà pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un láàrin ọjọ́ kan sí méjì, lẹ́yìn rẹ̀ ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ó sì gba ibẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn amúnisùn bíi Valium. Ó ní, "Kò sí èémí tí ẹ lè mí tí yóò dá ìyẹn dúró. Dókítà ni ó ń fi oògùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti ibẹ̀ bọ̀ ni ẹ ó wá bá mi." Ọkàn mi balẹ̀ sí obìnrin náà láti ìgbà náà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bàbá yìí padà wá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n mọ́, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa títí a fi parí.

Mímí ni a fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ́. Àga oníke ni a jókòó lé, ẹni tí ó bá wù sì lè dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ọwọ́ kan yóò wà ní àyà, èkejì yóò wà lórí ikùn, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni ó sì gbọdọ̀ máa gbéra, kí ti òkè dúró jẹ́ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa mẹ́rìnlá tí a wà níbẹ̀, bóyá ni ẹni mẹ́ta lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Àyà ni gbogbo wa fi ń mí, tí èjìká ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Màmá kọ́kọ́ ń ka iye ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti ṣe máa ń kà á ní ilé ìwòsàn. Mo rí i pé àwọn kan ń la ojú, wọ́n ń wò ó lẹ́nu. Nígbà tí ó yí i sí ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ojú gbogbo wọn padé, ètè àbúrò mi sì ń bá a lọ bí ọmọ tí ó ń ka iye ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ó fa èémí sínú títí dé ẹ̀rin, a ó fi í sílẹ̀ lọ títí dé ẹ̀fà, láìdá a dúró, láìfi ipá tì í.

Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, bí kíka iye kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá kan, èémí kan gba mẹ́wàá, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ènìyàn yóò mí ní ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí ní bíi ìgbà 12 sí 20. Ohun tí èyí ń ṣe fún ara ni Màmá fi hàn wá láìlo ìwé. Ó ní kí a fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ ara wa níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì, kí a máa mí, kí a sì máa tẹ́tí sí i. Bí mo ṣe ń fà á sínú, ó ń sáré díẹ̀. Bí mo ṣe ń fi í sílẹ̀, ó ń rọra. Mo tún un ṣe ní ìgbà mẹ́rin nítorí n kò gbà á gbọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí, n kò sì tíì tẹ́tí sí ọkàn mi bẹ́ẹ̀ rí. Iṣan ìmọ̀lára ńlá kan ni wọ́n ń pè ní vagus, tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn. Nígbà tí èémí bá ń jáde ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wúwo jù lórí ọkàn láti mú un rọlẹ̀. Ìdí nìyí tí èémí tí ó ń jáde fi gùn ju èyí tí ó ń wọlé lọ, ìdí náà sì nìyí tí ti ọkùnrin tí a kọ́kọ́ bá pàdé fi yàtọ̀ pátápátá sí ti ibí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mímí ni àwọn méjèèjì ń pè é.

Ilé ìlọta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá ni àwọn ènìyàn yóò ti máa gbé ata wá, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ a máa wọ inú eyín ẹni lọ. Inú bí mi sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ pé ibẹ̀ kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ inú àṣàrò gan-an ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá ní kí a má bá ariwo náà jà. Kí a kàn sọ ọ́ nínú ọkàn pé "ìró", kí a sì padà sórí èémí. Bí ọkàn bá sáré lọ sórí gbèsè tàbí sórí ìjà àná, kí a sọ pé "èrò", kí a tún padà. Gbogbo àṣàrò náà kò ju kí a máa lọ, kí a máa padà bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé ni àbúrò mi sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ariwo gáréèjì ju tibí lọ. Bí mo bá kọ́ ọ níbi tí ó dákẹ́, kí ni n ó fi ṣe?" Mo yọ ẹ̀sùn ẹ̀rọ ìlọta kúrò nínú ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ọ̀rọ̀ àṣàrò yìí bí ìbéèrè, kò sì yani lẹ́nu ní ìlú bíi Òṣogbo, níbi tí mùsùlùmí, ọmọ ìjọ àti olórìṣà lè máa gbé inú agbo ilé kan. Ìyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde pé òun fẹ́ mọ ẹni tí a ń ké pè bí a bá dijú. Arákùnrin kan náà bèèrè bóyá kì í ṣe ìsìn àwọn ará Íńdíà ni. Màmá dá wọn lóhùn pé a kò ké pe ẹnikẹ́ni, èémí tí Ọlọ́run ti fi sínú olúkúlùkù ni a ń wò, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ó gbàdúrà tirẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi kún un gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè pé kò sí ohun àjèjì nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń sọ àṣàrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mùsùlùmí sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí ó kan ẹ̀kọ́ àṣàrò inú ìrìn, ẹnì kan dábàá pé kí a lọ sí ẹ̀bá Igbó Ọ̀ṣun nítorí òjìji igi àti ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀. Màmá kọ̀, kí ẹ̀rí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà dá a lẹ́bi, abẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ni a sì ti rìn ín. Ìfòyebánilò bẹ́ẹ̀ wù mí púpọ̀. Ó tún hàn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó ti ní jàǹbá ọkọ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ó ṣe dijú. Màmá ní kí ó la ojú, kí ó máa wo ibì kan lára ògiri, kí ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Kò fi ipá mú un dijú mọ́ títí kíláàsì fi parí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni èyí tí mo kà sí ọkàn iṣẹ́ náà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí ìgbà tí ara bá ń bèèrè. Màmá ní ohun méjì ni ènìyàn máa ń ṣe: yálà kí ó gbà fún un, tàbí kí ó máa bá a wọ̀jà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tí yóò sì gbà fún un náà. Ó wá bi wá bóyá a ti dúró lórí afárá rí nígbà tí odò Ọ̀ṣun bá kún lásìkò òjò. Omi náà yóò ga, yóò pọ́n, yóò máa hó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí afárá kò bẹ́ sínú rẹ̀, kò sì gbìyànjú láti dá a dúró. Ó ń wò ó ni, omi yóò sì fà. Onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà, Alan Marlatt, tí ó kú ní 2011, ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀kọ́, ìgbì òkun ni òun sì fi ṣe àpèjúwe tirẹ̀. Fún wa tí a kò sún mọ́ òkun, Ọ̀ṣun yé wa jù.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ètò tí Marlatt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington gbé kalẹ̀, Màmá sì tò ó sórí ìka ọwọ́. Àtàńpàkò ni dúró. Ìka ìfábẹ̀lá ni kí o wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ. Ìka àárín ni kí o mí. Ìka òrùka ni kí o jẹ́ kí ọkàn rẹ fẹ̀ dé gbogbo ara àti ibi tí o wà. Ọmọńdinrín ni kí o wá dáhùn, kí o fúnra rẹ yan ohun tí o fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, a ń bọ̀ láti ọjà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ sì dá wa dúró ní Ọláìyá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ títì pe àbúrò mi ní orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ tí ó dì sí i, ó ṣí i díẹ̀, ó tún un dì. Kò ju ìyẹn lọ. Orúnkún àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń lu orúnkún mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan: ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ́, ó gbé e, ó fi ìfábẹ̀lá tẹ ẹ́. "Àǹtí mi, ó wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Ó gbóná bí ata." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye fún un lábẹ́ ohùn, ení dé ẹ̀rin, ení dé ẹ̀fà, awakọ̀ náà ń wò wá nínú dígí, n kò sì dáhùn. Kí a tó dé Ìgbọ̀nà, orúnkún rẹ̀ ti dákẹ́. Mo wo fóònù mi: ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ó fi orí lé èjìká mi bí ìgbà tí ó wà lọ́mọdé, ó sì sùn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó kọsẹ̀. Ẹni tí ó ni típà kò san owó ọ̀sẹ̀ méjì fún un, ó bínú kúrò níbẹ̀, ó sì gbé horo méjì mì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi lálẹ́ Ẹtì, ó sì ní òun kò lọ sí kíláàsì mọ́. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. A lọ ṣá. Màmá kò gbé ohùn sókè, ìbéèrè ni ó ń bi í: aago mélòó ni, ta ni o bá pàdé, kí ni o ti jẹ ní ọjọ́ náà? Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Ó wá fa ìlà kan sójú pátákó, ó kọ ebi, ìbínú, ọ̀nà gáréèjì àti horo sórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ó sì ní kí ó fi ìka hàn òun ibi tí àyè ti wà láti mí. Àbúrò mi fi ìka sí àárín ìbínú àti ọ̀nà gáréèjì. Lẹ́yìn náà ni Màmá sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ìdílé mọ̀: ẹni tí ó ti fi irú oògùn yìí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ kì í lè gba iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ sì ni iye àtijọ́ yẹn ti pa. Ó ní kí a padà lọ rí dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, a sì lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n ti dán an wò. Ọdún 1979 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, bẹ̀rẹ̀ ètò àṣàrò kan ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ara rẹ̀ ni ti Marlatt sì ti yọ. Ní 2014, Sarah Bowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 286 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba ìtọ́jú tán. Nígbà tí ọdún fi yípo, ọjọ́ tí àwọn tí wọ́n kọ́ ní àṣàrò fi lo oògùn kéré sí ti àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n ti kọ́kọ́ gba ìtọ́jú, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Bí ó ti wù kí ó rí, nígbà tí àjọ Cochrane, tí ó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 40 jọ ní 2021, wọ́n sọ pé ẹ̀rí náà kò tíì lágbára tó láti fọwọ́ sọ̀yà. Èmi náà kò fọwọ́ sọ̀yà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni mo rí.

Àwọn ohun kan wà tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí ìwé, ṣùgbọ́n a kò bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú rí, ìdádúró yẹn kò sì dára rárá fún irú àwọn tí ó ń bọ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ń bi ara wọn ní ẹnu ọ̀nà nípa ibi tí wọ́n ti ń ra codeine, èyí tí ìjọba ti fi òfin dè láti 2018 pé kí wọ́n má ṣe omi ikọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́. Obìnrin méjì péré ni ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ̀ pé àwọn obìnrin tí ó ń mu ún ní ìkọ̀kọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé gbọ̀ngàn náà kọjú sí títì, ẹni tí ó ń kọjá lè rí gbogbo ojú. Kọ́tìnì kan ni yóò tán ìṣòro yẹn. Ohùn àkásílẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gùn tó ìṣẹ́jú méjìlá, ó dára fún alẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ń bèèrè kò lè dúró de ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Kí wọ́n ká oníṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀ fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa kò sì ní àmì ohùn kankan. Mo sọ èyí fún Màmá, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ mi nìkan. "Mí" ni ohun tí wọ́n fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. "Mì" ni ohun tí wọ́n kò fẹ́ kí ó ṣe sí horo náà. Lórí ìwé yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n kọ méjèèjì. Ó gba bírò mi, ó sì fi àmì sí gbogbo èyí tí ó kù lórí tábìlì.

Ẹni tí ó ń lo ìgbó, tramadol tàbí codeine, tí ó ti rí dókítà, tí ó sì fẹ́ jáwọ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ dára fún un. Ẹni tí ó ń mutí lójoojúmọ́ kí ó kọ́kọ́ gba ilé ìwòsàn. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ fi ipá fà wá kò ní rí nǹkan kan mú lọ. Mẹ́ta nínú irú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa, wọn kò dé ọ̀sẹ̀ kẹrin. Kí àwọn ẹbí tí ó bá sì ráyè jókòó síbẹ̀, kí wọ́n jókòó, nítorí n kì bá tí mọ iye tí n ó kà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá yẹn bí n kò bá kọ́ ọ.

Ìpele kejì yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Iléyá. Àbúrò mi ti fi owó ara rẹ̀ san án, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà tí ó kà sọ́wọ́ Màmá ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún márùn-ún. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni ó ń wà báyìí. Mo lọ gbé oúnjẹ fún un ní gáréèjì ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a ní orí ìjókòó, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì wà lórí ikùn. Ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sókè láti lu ara ọkọ̀ pé kí ó máa lọ, ó sì ń dúró kí ọ̀gá rẹ̀ kà á dé ẹ̀fà.